Àyẹ̀wò ìdíje tẹ́níìsì àwọn ọ̀dọ́ ti àjọ ITF: kí ni òbí ń fowó rà gan-an?

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe rákẹ́ẹ̀tì tàbí bàtà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì kan. Ètò ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ ni, èyí tí ITF, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́níìsì lágbàáyé, ń darí, tí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 ń kópa nínú rẹ̀, tí àwọn òbí wọn sì ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá mọ tẹ́níìsì gbá dáadáa kò ní pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu akọ́nimọ̀ọ́gbá pé ó ti tó àkókò kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ITF, láti ọjọ́ náà lọ ni owó yóò sì ti máa jáde. Ìbéèrè mi ni pé kí ni owó yẹn ń rà: ṣé iṣẹ́ ọjọ́ ọ̀la ni, àbí ìmọ̀, àbí orúkọ lásán? Ó pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé àtẹ ipò àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ìdájọ́ mi sì ni pé bí a bá rà á gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé àti gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àtidé yunifásítì, ọjà gidi ni. Bí a bá rà á gẹ́gẹ́ bí àsọtẹ́lẹ̀ pé ọmọ kan yóò fi tẹ́níìsì jẹun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé e, pàápàá bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Ọmọ yóò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ITF, wọn yóò sì fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní IPIN. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa wọ ìdíje ní ìpele-ìpele. J30 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, J60, J100, J200 àti J300 tẹ̀ lé e, J500 wà lórí gbogbo wọn, kí a tó wá kan ìdíje àwọn ọ̀dọ́ níbi Grand Slam, ìyẹn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lọ nínú tẹ́níìsì: Australian Open ní Melbourne, French Open ní Paris, Wimbledon ní London àti US Open ní New York. Nọ́ńbà tó wà lára orúkọ ìdíje kọ̀ọ̀kan ni iye àmì tí ẹni tó bá gba ife rẹ̀ máa ń rí. Grand Slam ti àwọn ọ̀dọ́ ń mú 1,000 wá. Ìdíje mẹ́fà tí ọmọ ti ṣe dáadáa jù lọ nínú eré ẹlẹ́nìkan ni wọ́n ń kà fún un, wọ́n sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin àmì tó rí nínú ìdíje ẹlẹ́ni méjì mẹ́fà kún un. Owó ẹ̀bùn kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tó bá gba Wimbledon ti àwọn ọ̀dọ́, ife ni yóò gbé lọ sílé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka àmì yìí kò dà bí ohun tó ń ṣojúsàájú, ṣùgbọ́n òun gan-an ló mú kí ètò náà wọ́n fún àwa. Ọmọ tó ń gbé ní Sípéènì tàbí ní Faransé lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìdíje ńláńlá mélòó kan láàárín ọdún kan ṣoṣo. Èyí tó máa ń wá sí agbègbè tiwa, ní àwọn ìlú bí Abuja, Cotonou, Lomé àti Accra, J30 àti J60 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Ìbàdàn kan gba J30 mẹ́fà láìpàdánù eré kankan: 180 ni àmì rẹ̀ nínú eré ẹlẹ́nìkan. Ọmọ mìíràn tó gba J300 kan péré ní Yúróòpù ti ní 300. Dandan ni kí ọmọ tiwa rìnrìn-àjò bí ó bá fẹ́ gòkè, ìrìn-àjò náà sì ní owó ọkọ̀ òfuurufú, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, físà tí wọ́n lè má fún un, àti owó àgbà tí yóò bá a lọ nítorí pé ọmọ ọdún 14 kò lè dá lọ. Owó ìrànwọ́ kan wà tí àwọn Grand Slam ń dá, tí ITF ń pín fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́. Ons Jabeur ará Tùnísíà wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Owó náà kò lè kárí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ kan ni ẹni ogójì lágbàáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀bùn ọmọ náà àti àpò bàbá rẹ̀ ni nọ́ńbà náà jọ ń wọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà kan dára, ojú àwọn tó ti rà á ṣáájú ló yẹ kó wò. Ẹ jẹ́ ká mú Wimbledon ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Roger Federer gbà á ní 1998, ó sì gba ti àwọn àgbà ní 2003, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú Grand Slam 20 tó gbà. Láti ìgbà náà títí di 2025, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọkùnrin tó gba ife náà lẹ́yìn rẹ̀ tó tíì gba Grand Slam ẹlẹ́nìkan láàárín àwọn àgbà. Kì í ṣe pé gbogbo wọn sọnù o. Grigor Dimitrov tó gbà á ní 2008 dé ipò kẹta lágbàáyé, Denis Shapovalov tó gbà á ní 2016 dé ipò kẹwàá, Nicolas Mahut tó gbà á ní 2000 sì gba Grand Slam mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú eré ẹlẹ́ni méjì. Ìwọ̀nyí gbé ayé tẹ́níìsì tó dára. Ṣùgbọ́n Filip Peliwo ará Kánádà ńkọ́? Ní 2012 ó dé àṣekágbá Grand Slam ọ̀dọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ọdún kan, ó sì gba méjì nínú wọn, Wimbledon àti US Open. Bí ìwé-ẹ̀rí àwọn ọ̀dọ́ bá tó ohun tí a lè gbé lọ sí báńkì, tirẹ̀ ni ì bá tó o. Láàárín àwọn àgbà, ipò tó ga jù tó dé ni 161.

Ọ̀rọ̀ Ítálì tilẹ̀ tún dùn-ún gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2013, Gianluigi Quinzi gba Wimbledon àwọn ọ̀dọ́, ó sì ti jẹ́ ẹni kìíní láàárín wọn lágbàáyé. Àwọn ará ìlú rẹ̀ gbà pé ẹni tí wọ́n ti ń retí ti dé. Kò kọjá ipò 142, ó sì fi tẹ́níìsì sílẹ̀ ní 2021 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25. Láàárín àkókò tí wọ́n ń wo Quinzi, ọmọ kan wà lórí òkè yìnyín ní àríwá ilẹ̀ náà tó ń fi sikíì sáré, tí kò fi ara rẹ̀ jìn fún tẹ́níìsì nìkan títí ó fi di ọmọ ọdún 13. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbá ìdíje ITF àwọn ọ̀dọ́, ipò tó ga jù tó dé nínú àtẹ wọn kò ju 133 lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Jannik Sinner, òun ló sì wá di ẹni kìíní lágbàáyé ní 2024.

Ọdún 2004 ni èmi máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè nípa àtẹ àwọn ọ̀dọ́. Gaël Monfils ará Faransé gba Grand Slam ọ̀dọ́ mẹ́ta lọ́dún yẹn, ó sì ṣẹ́ ku ẹ̀kẹrin kó bá Stefan Edberg dọ́gba, ẹnì kan ṣoṣo tó tíì gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún kan, ní 1983. Andy Murray ló gba ẹ̀kẹrin náà ní New York. Novak Djokovic náà wà ní ọ̀dọ́ nígbà yẹn. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ló dé ní Melbourne lọ́dún náà, kò sì ju ipò 24 lọ nínú àtẹ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ wo bí ó ṣe rí lẹ́yìn ogún ọdún. Djokovic ti gba Grand Slam 24, Murray ti gba mẹ́ta, Monfils dé ipò kẹfà lágbàáyé, ó pa owó, ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, àwọn èrò sì fẹ́ràn rẹ̀ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò dé àṣekágbá Grand Slam kankan rí. Ẹni tó wo àtẹ ọdún 2004 tó sì fi owó rẹ̀ lé ẹni tó wà lókè kò pàdánù pátápátá. Ohun tó rà kàn kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni.

Àwọn òbí wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ti àwọn ọmọbìnrin fẹ́ẹ̀ bá òwe yìí mu. Nínú àwọn tó gba Wimbledon àwọn ọ̀dọ́bìnrin láàárín àkókò kan náà tí mo sọ lókè yìí, mẹ́rin ló ti gba Grand Slam ẹlẹ́nìkan: Caroline Wozniacki, Ashleigh Barty, Jelena Ostapenko àti Iga Świątek. Coco Gauff gba French Open àwọn ọ̀dọ́ ní 2018 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó sì gba US Open àwọn àgbà ní 2023. Ìdí tí mo rí fún ìyàtọ̀ yìí méjì ni. Ara obìnrin máa ń gbó ṣáájú ti ọkùnrin, ìyẹn ni pé ọmọbìnrin ọdún 16 lè ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbà, nígbà tí ọmọkùnrin tó ń borí ní ọdún 16 lè jẹ́ ẹni tó tètè ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí àǹfààní náà yóò sì tán ní kété tí àwọn yòókù bá bá a. Ìdí kejì ni pé àwọn ọmọkùnrin tó dára jù lọ kì í dúró pẹ́ lọ́jà náà. Rafael Nadal kópa nínú Wimbledon àwọn ọ̀dọ́ ní 2002 lẹ́ẹ̀kan, ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó gba French Open ní 2005. Carlos Alcaraz náà kò gba ife Grand Slam ọ̀dọ́ kankan. Àwọn tó kù ló ń pín ife náà láàárín ara wọn.

Síbẹ̀, kí òbí ọmọbìnrin má tètè yọ̀. Jennifer Capriati di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1990, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14, ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní French Open lọ́dún náà, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì ní 1992. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó kúrò lórí pápá, àwọn ọlọ́pàá sì mú un lórí ọ̀rọ̀ igbó. Lẹ́yìn náà ni WTA, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́níìsì àwọn obìnrin, ṣe òfin tó dín iye ìdíje tí ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 18 lè gbá kù. Capriati padà wá, ó gba Grand Slam mẹ́ta ní 2001 àti 2002, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí mọ́. Barty pàápàá, tó gba Wimbledon àwọn ọ̀dọ́ ní ọmọ ọdún 15, sá kúrò nínú tẹ́níìsì lọ máa gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Brisbane kó tó padà wá gba Grand Slam mẹ́ta tirẹ̀. Laura Robson gbà á ní ọmọ ọdún 14, ó dé ipò 27, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì bà á jẹ́ fún un.

Èyí tó kan Nàìjíríà jù nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí ni ti Whitney Osuigwe. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ó sì ń kọ́ni ní tẹ́níìsì ní IMG Academy ní Bradenton, ní ìpínlẹ̀ Florida, ibi tí Nick Bollettieri dá sílẹ̀ ní 1978. Ohun tí àwọn òbí mìíràn ń fi owó rẹpẹtẹ rà, ìdí rẹ̀ ni ọmọ yìí dàgbà sí. Ní 2017 ó gba French Open àwọn ọ̀dọ́bìnrin, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Capriati ní 1989, ó sì parí ọdún náà gẹ́gẹ́ bí ẹni kìíní láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ní 2019 ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ láàárín àwọn àgbà pẹ́kípẹ́kí. Títí di òpin 2024, kò tíì wọ̀ ọ́. Bí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ni kí ẹni tó ń tọrọ físà máa retí? Mo gbọ́dọ̀ fi Jabeur kún un kí ọ̀rọ̀ má baà dojú kọ ibì kan: òun náà gba French Open àwọn ọ̀dọ́ ní 2011, ó di 2017 kó tó wọ ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, ó sì di 2022 kó tó dé àṣekágbá Wimbledon. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín ife ọ̀dọ́ àti àṣekágbá yẹn. Àtẹ àwọn ọ̀dọ́ kò sọ fún òbí kankan pé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọmọ náà láàárín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bíbọ́ yìí ni àléébù tó burú jù. Bí ọdún tí ọmọ pé ọmọ ọdún 18 bá ti parí, ètò àwọn ọ̀dọ́ ti tán fún un, ìdíje M15 (ti ọkùnrin) tàbí W15 (ti obìnrin), ìpele tó kéré jù láàárín àwọn àgbà, ló sì ń lọ, níbi tí gbogbo owó ẹ̀bùn àpapọ̀ ti jẹ́ 15,000 dọ́là, tí ẹni tó gba ife ẹlẹ́nìkan sì ń gba ohun tó lé díẹ̀ ní 2,000 dọ́là. ITF fúnra wọn ṣe ìwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: pẹ̀lú iye owó ọdún 2013, ọkùnrin ní láti wà ní ipò 336, obìnrin ní ipò 253, kí owó tó ń wọlé tó lè bo owó tó ń jáde, láìtíì ka owó akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìwádìí kan náà fi hàn pé ọdún tí ọkùnrin fi ń rin láti àmì àkọ́kọ́ dé ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ ti gùn láti 3.7 ní ọdún 2000 sí 4.8 ní 2013. Àwọn ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ ọ̀rọ̀ jìbìtì nínú tẹ́níìsì wò ní 2018 sọ ohun tó jọ ọ́: nínú nǹkan bí 15,000 tó ń pe ara wọn ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, 250 sí 350 péré ló ń rí owó tó bo ìnáwó wọn. Láti 2024, ATP, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́níìsì àwọn ọkùnrin, ti ń dá owó kan lójú fún àwọn ọkùnrin 250 àkọ́kọ́, 300,000 dọ́là fún ọgọ́rùn-ún tó wà lókè títí dé 75,000 fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ náà. Ìtura ni, fún àwọn tó ti débẹ̀.

Ibi tí ètò náà ti ń san èrè rẹ̀ láìtan ẹnikẹ́ni jẹ ni yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì máa ń wo àtẹ ITF àti UTR, ìwọ̀n kan tó ń fi bí ẹni kan ṣe mọ tẹ́níìsì gbá tó hàn, kí wọ́n tó fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ tí ipò rẹ̀ kò sì lè mú un dé Wimbledon láéláé lè rí ilé-ìwé tó dára wọ̀. Títí di 2024, òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gba ẹgbẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú ìpín kìíní láàyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mẹ́jọ, ti ọkùnrin sì jẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀; ìdí mìíràn nìyẹn tí òbí ọmọbìnrin fi ń rà lọ́jà yìí ní ẹ̀dínwó nígbà náà. Angella Okutoyi ará Kẹ́ńyà gba Wimbledon ẹlẹ́ni méjì ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní 2022, ó sì gba Yunifásítì Auburn lọ. Kì í ṣe ibi ìsádi àwọn tó kùnà o. Danielle Collins jáde ní Virginia, Cameron Norrie ní Texas Christian University (TCU), Ben Shelton ní Florida, Shelton tó gba ife NCAA ní 2022 tí ó sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá US Open lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tiwa ti gba ọ̀nà yìí tipẹ́. Nduka Odizor, ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù ní pápá tẹ́níìsì l'Ékòó, dé Yunifásítì Houston, ó sì na Guillermo Vilas, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ará Ajẹntínà, ní Wimbledon ní 1983 kó tó dúró ní ìpele kẹrin. Ipò 52 lágbàáyé ló dé.

Bí mo bá ní láti fi ìràwọ̀ márùn-ún díwọ̀n rẹ̀, mẹ́ta ni n ó fún un: mẹ́rin fún ọ̀nà yunifásítì, ọ̀kan fún àsọtẹ́lẹ̀, kí a pín ìyókù bó ṣe yẹ. Ohun tuntun kan wà tó lè gbé e sókè. Láti 2024, àwọn ọmọkùnrin tó bá parí ọdún láàárín ogún àkọ́kọ́ ń gba àyè tààrà sínú àwọn ìdíje Challenger, ìpele àwọn àgbà tó ga ju M15 lọ, èyí tó fo àwọn M15 kan dànù fún wọn. Ogún ọmọ nìyẹn nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ó sàn ju ife lásán lọ.

Òbí tó bá fẹ́ rà á, kó bẹ̀rẹ̀ láti J30 tó wà nítòsí, kó má sì gbé ọmọ lọ sí Yúróòpù nítorí J30 mìíràn, nítorí 30 kan náà ni. Kó tún wo kàlẹ́ńdà dáadáa. Àwọn tó ṣètò ìdíje wọ̀nyí kò ní WAEC lọ́kàn: French Open àwọn ọ̀dọ́ máa ń bọ́ sí oṣù Kẹfà, àwọn ìdíje tó ṣáájú rẹ̀ sì wà ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Yunifásítì tó ń wo ipò ITF ọmọ yóò tún béèrè èsì ìdánwò rẹ̀, kò sì sí J300 kankan tí mo lè fi pààrọ̀ ìjókòó ìdánwò yẹn.